Ṣé ó yẹ kí wọ́n máa ta igbó ní gbangba bí ọtí àti sìgá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Agbẹjọ́rò. Ọmọ mi tó wà ní Kánádà ń bọ̀ wá kí wa ní Kàdúná nínú oṣù Kejìlá. Ó ní mímu igbó kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, àti pé Nàìjíríà náà ò ní pẹ́ fọwọ́ sí i. Ṣé ó lè mú díẹ̀ dání? Ṣé ẹ̀yin náà rò pé ó yẹ kí wọ́n máa tà á bí ọtí àti sìgá? (Ìyá oníṣòwò, Kàdúná)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìrètí ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é lónìí kí ẹ sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ mú nǹkan kan dání, títí kan súìtì àti bisikíìtì tí wọ́n pò igbó mọ́. Lóòótọ́, láti oṣù Kẹwàá ọdún 2018 ni òfin Kánádà ti gba àgbàlagbà láàyè láti ra igbó, ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà ló ka gbígbé e kọjá ẹnubodè sí ẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà ọ̀ràn ti lè bẹ̀rẹ̀ kí ó tó wọ bàálù. Lọ́dọ̀ wa, abala 11 nínú òfin NDLEA (àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró) ti ọdún 1989 ni wọ́n sábà fi ń pe ẹjọ́ igbó: ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó kó o wọ̀lú tàbí tó tà á, ẹ̀wọ̀n ọdún 15 sí 25 sì ni fún ẹni tí wọ́n kàn bá a lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ.

Àwọn tó fẹ́ kí a fọwọ́ sí i ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ìwádìí ọdún 2018 tí UNODC, àjọ Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè tó ń rí sí ọ̀ràn oògùn olóró, àti NBS, àjọ tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba Nàìjíríà, ṣe fi hàn pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.6 èèyàn ló lo igbó ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀wọ̀n wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ “bí sìgá” yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Òfin tábà ọdún 2015 ka títa sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan léèwọ̀, ó sì ní a kò gbọdọ̀ tà á fún ẹni tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 18. Ẹ wá wo àtẹ àwọn àbókí ní Nyanya ní Àbújá níbí: páálí sìgá ti là sílẹ̀, wọ́n so láítà mọ́ okùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù yóò ra ẹyọ kan pẹ̀lú súìtì mẹ́ńtì, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í léèrè ọjọ́ orí. “Bí ọtí” ńkọ́? Ti ìlú wo? Bíà tí à ń mu ní gbangba ní Àbújá ni àwọn Hisbah, àwọn tó ń mú kí aráàlú pa òfin Ṣàríà mọ́, ń fọ́ ìgò rẹ̀ ní Kánò.

Ní tèmi, kí a yọ ẹni tó ń mu ún kúrò lábẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún 15, kí a fi í lé dókítà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí a má tíì ṣí ṣọ́ọ̀bù kankan. Ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ìwé òfin ní South Africa ṣe ohun tó jọ ọ́ ní 2018, nígbà tí ó ní kí àgbàlagbà tó ń mu ún nínú ilé ara rẹ̀ má jẹ́ ọ̀daràn mọ́. Thailand, tó ṣí ọjà sílẹ̀ ní 2022, ti padà ní 2025 sọ pé àfi kí dókítà kọ ọ́ fúnni. Àwọn ọ̀dọ́ ni mo ń rò, nítorí igbó tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ ní kékeré lè dá àìsàn ọpọlọ sílẹ̀, pàápàá lára ẹni tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ bá wà nínú ìdílé rẹ̀.

Bí ọmọ yín bá sì sọ pé òun kò lè lo ọ̀sẹ̀ méjì láìmu ún, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Ìjọba Àpapọ̀ wà ní Barnawa nítòsí yín. Ẹ ò nílò agbẹjọ́rò kí ẹ tó mú un lọ síbẹ̀.