Ẹ Bi Wá: Bàbá tó wọ aṣọ ṣọ́jà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Fíìmù Jámánì àtijọ́ tí ṣúmékà kan ti wọ aṣọ ọ̀gá ṣọ́jà, ṣé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ó ṣẹlẹ̀ o! Der Hauptmann von Köpenick ni, Richard Oswald ló darí ẹ̀ ní 1931, ìgbà tí fíìmù wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀, Max Adalbert ló ṣe bàbá yẹn. Wilhelm Voigt, ṣúmékà yẹn gan-an, ní 1906, ra yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n ti lò, ó pe àwọn ṣọ́jà tó rí ní títì, wọ́n kàn tẹ̀lé e ni, wọ́n wọ rélùwéè lọ sí Köpenick, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Berlin, wọ́n mú méyọ̀, ó kó owó ìjọba. Aṣọ ni wọ́n rí, wọn ò wojú ẹ̀. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an ṣá, torí nínú fíìmù yẹn, pásípọ́ọ̀tù lásán ló ń wá kiri. Kaiser, ìyẹn ọba Jámánì, dárí jì í ní 1908.