Báwo ni àrùn prion ṣe ń da iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù rú nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ?

Prion kì í ṣe kòkòrò. Purotéènì ara wa gan-an, PrP, ló ká sódì, tó sì ń sọ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dà bíi tirẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kì í rí i gé tán: proteinase K, ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń lò nínú yàrá ìwádìí, máa ń jẹ PrP gidi run, àmọ́ apá kan lára èyí tó ká sódì máa ń ṣẹ́ kù. Ó tún lè dí proteasome, tó ń gé purotéènì tó bàjẹ́, lọ́wọ́.

Ti PERK ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bí ẹ́ńsáìmù yìí bá rí i pé purotéènì tó ká sódì ti pọ̀ jù, á so fọ́sífétì mọ́ eIF2α, purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe purotéènì tuntun, sẹ́ẹ̀lì á sì dín purotéènì tuntun tó ń ṣe kù gan-an. Nítorí ìyẹn, nínú eku tí wọ́n fi ṣe ìwádìí, ojú ibi tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ti ń bára wọn sọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́, kí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ tó kú.