Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù, ẹ ò tíì rí àgbọ̀nrín kankan pa

Ẹ ní oṣù méjì ti kọjá tí àsìkò ọdẹ ti ṣí, ẹ ò rí ju abo méjì lọ lókèèrè, ọfà kan ṣoṣo tí ẹ ta gba òkè ẹ̀yìn ẹran kọjá, ọ̀sẹ̀ 3 ló sì kù kí àsìkò parí. Ẹ wá ń béèrè ohun tí èèyàn lè sọ fún ara rẹ̀ tí á fi máa jí ní aago 4 ìdájí lọ jókòó de ohun tí kì í yọjú. Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ ìyànjú kankan tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40 nínú òtútù. Ohun tí mo mọ̀ tó ń dá ọdẹ padà sínú igbó ni pé kó ní nǹkan kan pàtó tó fẹ́ mọ̀ lọ́jọ́ náà, tó sì lè mọ̀ ọ́n bí ẹran ò tilẹ̀ yọ. Àgbọ̀nrín onírù funfun ti Amẹ́ríkà Àríwá ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí dá lé, torí òun ni ẹ ń dẹ.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kan. Ẹ má ka oṣù, ẹ ka wákàtí. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, tó ń wọgbó lópin ọ̀sẹ̀ nìkan, ó lè jẹ́ ìgbà 14 péré ló jókòó láàárín oṣù méjì, wákàtí 2 àti ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wákàtí 35 nìyẹn. Ẹran ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ sì ni àgbọ̀nrín yìí: ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ àti ìgbà tó ń ṣú lọ ló ń rìn jù. Nínú wákàtí 35 yẹn, ẹ ṣírò bí 14 sí èyí tó wúlò. Ẹ yọ àwọn ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn yín lọ bá ẹran kúrò nínú rẹ̀, ó lè má ku ju 6 lọ. Ẹni tó fi wákàtí 6 jókòó dáadáa ò tíì lè sọ pé orí òun ò gbe òun. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn ọdẹ tó ń parí àsìkò láìpa àgbọ̀nrín kan ju ìdajì lọ. Àwọn tó pa ni ẹ ń rí àwòrán wọn, kò sẹ́ni tó ń ya àwòrán ọwọ́ òfo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé wo ìwo orí ẹran ẹlẹ́ran lórí fóònù títí àsìkò á fi tán. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, tó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ẹ̀yin ti ń ro ìṣẹ́ báyìí, ẹ ò sì tíì débi ẹran.

Àìrìnnàkore tí ẹ ń sọ yìí, oríṣi mẹ́rin ni, oògùn wọn ò sì jọra. Ó lè jẹ́ pé ẹ ò rí ẹran rárá. Ó lè jẹ́ pé ẹ rí i, ṣùgbọ́n ó jìnnà ju ibi tí ọfà lè dé. Ó lè súnmọ́, kó gbóòórùn yín, kó sá. Ó sì lè dúró, kí ẹ ta á, kí ẹ má bà á. Ẹ kọ ìgbà 14 yẹn sílẹ̀, kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sábẹ́ èyí tó bá a mu. Èyí tó ń tan ọdẹ jẹ jù ni ẹ̀kẹta, torí ẹran tó gbóòórùn yín láti 150 mítà kì í fọn imú, kì í sáré. Ṣe ló máa ń yí padà wọ́ọ́rọ́wọ́ gba ọ̀nà míì. Ẹ̀yin á délé, ẹ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sẹ́ran lónìí.

Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ fún yín ni afẹ́fẹ́. Páúdà inú ike kékeré, tí ọdẹ fi ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, dára, àmọ́ kì í jìnnà ju mítà 2 tàbí 3 tó fi ń pòórá. Ẹ wá òwú fúlẹ́fúlẹ́ tó máa ń wà nínú èso igbó, irú èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbé irúgbìn rẹ̀ fò kiri, kí ẹ kó ẹ̀kúnwọ́ kan sínú àpò. Bí ẹ bá ti jókòó sí ibùba yín lórí igi, ẹ fa fọ́nrán kan yọ, ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ojú bá a lọ. Ẹ á rí i tó kọ́kọ́ lọ síwájú bí ẹ ṣe rò, á dé etí igbó, á rọra sọ̀kalẹ̀, á wá pẹ̀kọrọ padà sí apá òsì, gẹ́rẹ́gẹ́ ibi tí ẹran ń gbà jáde. Páúdà ò lè fi ìpẹ̀kọrọ yẹn hàn yín. Ẹ tún un ṣe ní ìṣẹ́jú 20 sí 20. Lọ́wọ́ àárọ̀, bí oòrùn bá ti ń mú ilẹ̀, afẹ́fẹ́ a máa gun òkè lọ. Nírọ̀lẹ́, bí ilẹ̀ bá ti ń tutù, á máa ṣàn wá sí àfonífojì bí omi. Ibùba tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lè dára láàárọ̀ fún ẹran tó wà nísàlẹ̀, kó sì jẹ́ òun náà ló máa tú yín fó nírọ̀lẹ́. Bí ẹ bá mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe níbi kan ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìjókòó yẹn ò já sófo, kódà bí ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan lẹ rí.

Ohun kejì ni pé ibùba máa ń «jóná», ìyẹn ni pé ẹran á ti dá a mọ̀, á sì máa sá fún un. Bí ẹ bá jókòó síbì kan náà ní ìgbà 8 tàbí 9, òórùn yín á wà lára àkàbà, lára koríko ojú ọ̀nà, lára ẹ̀ka tí ẹ fọwọ́ tì. Abo tó dàgbà á ti mọ igi yẹn, á máa gbójú sókè wò ó kó tó kọjá, àwọn tó tẹ̀ lé e náà á sì kọ́ ọ. Ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Ìpinnu tèmi ni pé n kì í jókòó síbì kan lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ 5, bó ti wù kó wù mí tó. Ẹ tún wo bí ẹ ṣe ń wọlé àti bí ẹ ṣe ń jáde. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ẹran ṣì ń jẹ ní gbangba níwájú yín, tí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ lójú wọn, ẹ ti ba ibẹ̀ jẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹ dúró títí wọ́n á fi lọ, tàbí kí ẹ ní ẹnìkan tó máa wa ọkọ̀ kọjá létí oko kí wọ́n lè sá fún ọkọ̀ dípò yín. Wọ́n máa ń tètè gbàgbé ọkọ̀, èèyàn tó ń sọ̀kalẹ̀ lórí igi ni wọn kì í gbàgbé.

Ọ̀sẹ̀ 3 tó kù yìí ò jọ ọ̀sẹ̀ tí ẹ bẹ̀rẹ̀. Kíkúrú tí ojúmọmọ ń kúrú ló ń bẹ̀rẹ̀ àsìkò ìgùn wọn, kì í ṣe òtútù. Ìdí nìyẹn tí ó fi máa ń bọ́ sí nǹkan bí àárín oṣù November lọ́dọọdún ní apá àríwá. Abo tí akọ ò bá gùn nígbà yẹn á tún wá akọ lẹ́yìn bí ọjọ́ 28, èyí tó máa bọ́ sí àárín December. Kì í pọ̀ bíi ti àkọ́kọ́, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e pátápátá. Èyí tó dájú ni ebi. Akọ tó fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lé abo lè sọ bí ìdá 1 nínú 5 ìwọ̀n ara rẹ̀ nù, òtútù sì ń bọ̀, nítorí náà oúnjẹ nìkan ló kù tó ń rò. Ẹ kúrò níbi tí akọ ti fi ìwo họ igi, ẹ kúrò níbi tó ti fi pátákò wa ilẹ̀, ìwé àtijọ́ ni ìyẹn. Ẹ wá ibi tí àgbàdo tàbí ẹ̀wà sóyà kù sí lẹ́yìn ìkórè. Bó bá jẹ́ inú igbó ni, ẹ wá èso igi óákù. Èyí tó ń jábọ́ lára óákù funfun kì í korò púpọ̀, wọ́n sì ti jẹ ẹ́ tán ṣáájú. Ti óákù pupa ló korò, òun ló sì máa ń kù nílẹ̀ di ìgbà òtútù. Ìrọ̀lẹ́ sì dára ju àárọ̀ lọ ní àkókò yìí, torí bí ẹ bá wọlé láàárọ̀ kùtù, inú oúnjẹ náà lẹ máa bá wọn.

Bí kámẹ́rà inú igbó bá ń fi ẹran hàn yín ní aago 10 alẹ́ sí aago 3 òru nìkan, ẹran wà, ẹ̀yin lẹ jìnnà sí ojú oorun rẹ̀. Ẹ sún mọ́ ibi tó ń sùn sí ní bí 100 sí 150 mítà, lọ́sàn-án tí òjò ń rọ̀ tàbí tí afẹ́fẹ́ ń pariwo. Bí kámẹ́rà ò bá rí nǹkan kan rárá ní ọ̀sẹ̀ 2, lóru àti lọ́sàn-án, ẹ kúrò ní ilẹ̀ yẹn. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ olóko bóyá ẹran kú létí omi ní ìparí ìgbà ooru. Àrùn ẹ̀jẹ̀ kan wà tí kòkòrò abìyẹ́ tíńtín ń fi ìgéjẹ kó ràn wọ́n. Ibà máa ń mú ẹran náà, á wá omi lọ, á sì kú síbẹ̀. Ìgbà tí yìnyín bá kọ́kọ́ bọ́ ló ń dáwọ́ dúró. Níbi tí irú rẹ̀ bá ti kọjá lọ́dún yìí, sùúrù ò lè bí ẹran.

Ní ti ìwé tí ẹ ń kọ, ìlà kan tó fún ìjókòó kan. Báyìí ni kó rí: «Ibùba etí odò. Mo wọlé 2:40 ọ̀sán, afẹ́fẹ́ láti ìwọ̀ oòrùn-àríwá, ó pẹ̀kọrọ lẹ́yìn 4:15. Abo 2 ní 4:35, wọ́n gba ọ̀nà òkè, 70 mítà. Mo jáde 5:20, kò sí èyí tó rí mi.» Lẹ́yìn ìlà 10, ẹ á rí i pé abo yẹn ti gba ọ̀nà òkè lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà yẹn ni yóò máa wù yín láti jí, torí ẹ ti mọ igi tí ẹ máa gbé ibùba lọ.

Ara tó rẹ̀ máa ń dà bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ọ̀pọ̀ tó ní ọdẹ ti sú òun, oorun wákàtí 4 ló ń bá a jà. Bí ẹ ò bá ní sùn tó wákàtí 6, ẹ fi àárọ̀ sílẹ̀, ẹ lọ nírọ̀lẹ́, torí oorun lórí igi ń pani. Ìgbànú ààbò tó gba èjìká àti itan gbọ́dọ̀ wà lára okùn igi látìgbà tí ẹsẹ̀ yín bá ti kúrò nílẹ̀. Ẹ jókòó tán kí ẹ tó fi okùn fa ọrun tàbí ìbọn sókè, kí ọta má sì sí nínú ìbọn. Òtútù náà, òógùn ló ń fà á: ẹ má wọ ẹ̀wù tó nípọn rìn wọlé. Ẹ dì í mọ́ àpò, ẹ rìn jẹ́jẹ́, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10 nísàlẹ̀ igi kí ara gbẹ, kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Aṣọ òwú tó bá ti tutù kì í mú ara gbóná mọ́. Ti irun àgùntàn ni kí ẹ fi sábẹ́.

Ọfà yẹn tó gba òkè ẹ̀yìn, ẹ má kà á sí orí burúkú. Ọfà ń lọ ní bí 85 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ariwo okùn ọrun ń lọ ní bí 340. Ní mítà 27, ariwo á ti dé etí ẹran ní bí ìdá 1 nínú 4 ìṣẹ́jú àáyá ṣáájú kí ọfà tó dé. Láàárín ìyẹn, ẹran á ti tẹ ẹsẹ̀ wálẹ̀ láti fò, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì ti kúrò níbi tí ẹ fojú sí. Ẹ má ta ẹran tó ti gbé etí sókè bó bá kọjá mítà 18, ẹ sì fojú sun ìdá 1 nínú 3 ìsàlẹ̀ àyà. Láti orí igi, ẹ tẹ ìbàdí, ẹ má sọ apá nìkan kalẹ̀. Bó bá jẹ́ ìbọn ni ẹ ó lò báyìí, ẹ yìn ín ní ọta 3 lójú àmì kí ẹ tó tún wọgbó, torí awò tí ẹ fi ń fojú sun ẹran lórí rẹ̀ lè ti yẹ̀ bó bá ti kan ara ọkọ̀ rí.

Èyí ló sì ń bà mí lẹ́rù jù nípa ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn: ẹni tí nǹkan ti sú máa ń ta ohun tí kò yẹ kó ta. Bí ọfà tàbí ọta bá bà á, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń hó, ẹ̀dọ̀fóró ni, ẹ dúró ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó tọpasẹ̀ rẹ̀. Bó bá pupa dúdú, ẹ̀dọ̀ ni, ẹ dúró wákàtí 4 sí 6. Bó bá ní àwọ̀ ewé tó ń rùn, ìfun ni, ẹ dúró wákàtí 8 sí 12, ẹ má tẹ̀ lé e kíá.

Fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìgbà 3 ni kí ẹ jáde, kì í ṣe 7. Ọjọ́ kan lọ́sàn-án, ẹ má mú ọrun dání, ẹ kàn rin etí oko kí ẹ wo ibi tí ojú ẹsẹ̀ tuntun ti pọ̀ jù. Ẹ gbé ibùba síbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ 2 tí afẹ́fẹ́ bá yín mu, ẹ jókòó. Bí ìwé àṣẹ yín bá gba abo, tí ó sì wá sí mítà 15, ẹ mú un.