Èsì: Ìwòsàn tuntun fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ bi wá bóyá òótọ́ ni pé wọ́n ti rí ìwòsàn fún ẹ̀jẹ̀ SS, ìyẹn àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Òótọ́ ni. Ní Oṣù Kejìlá 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwòsàn kan tó ń jẹ́ Casgevy fún ẹni tó ti pé ọdún 12. Wọ́n á gba sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn, wọ́n á tún un ṣe kó lè máa pèsè irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ inú oyún ń lò. Kí wọ́n tó dá a padà, oògùn líle á kọ́kọ́ pa àwọn sẹ́ẹ̀lì àtijọ́ inú mùdùnmúdùn egungun. Ìyà ńlá nìyẹn o! Owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2 dọ́là; báwo lọwọ́ wa ṣe fẹ́ tó o ní Iléṣà? Ó dùn mí gan-an. Ẹ bi dókítà yín ní ilé ìwòsàn Wesley Guild nípa oògùn tó ń jẹ́ hydroxyurea. Ó ń dín ìrora kù, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò déédéé.