Táyà tuntun fún Honda S2000: ẹ̀yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ béèrè ni pé S2000 ọdún 2006 tí ẹ ń wà ní Houston ti jẹ táyà ẹ̀yìn méjèèjì tán lápá inú, ti iwájú ṣì ní eyín lára. Ṣé kí ẹ ra méjì péré, irú èwo sì ni kí ẹ rà? Ẹ ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orúkọ kan náà, irú kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì sanwó. Táyà tó bá pá lápá inú nìkan ní ẹjọ́ tó ń rò nípa ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹn, a ó dé ibẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rèé. S2000 fúyẹ́, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í, ó sì kúrú: láti àárín táyà iwájú dé àárín ti ẹ̀yìn, mítà 2.4 ni. Ọkọ̀ tó bá kúrú báyìí, bí ìdí rẹ̀ bá já, wéré ló ń yí po, kì í fún awakọ̀ láyè láti fi sítíárì gbà á padà. Honda náà mọ̀: ní 2004 wọ́n gbé wíìlì rẹ̀ láti ínǹṣì 16 sí 17, wọ́n tún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ṣe kó lè fara balẹ̀. Ti 2006 yín tún ní VSA, ẹ̀rọ tó ń bá awakọ̀ kó ọkọ̀ jọ bó bá fẹ́ yọ̀, àmọ́ VSA kò lè mú rọ́bà gán-ín-gán-ín di rọ́bà rírọ̀. Bí táyà iwájú bá fi lè di ilẹ̀ mú ju ti ẹ̀yìn lọ, ẹ lè má fura lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọjọ́ tí òjò Houston bá dà, tí ẹ bá ṣèèṣì yọ ẹsẹ̀ lójijì láàárín kọ́nà, iwájú á dúró, ẹ̀yìn á máa lọ. Táyà iwájú gidi, táyà ẹ̀yìn èyí tó pọ́ọ́kú: ọ̀kan lára ohun tó ń fa ìyípo ọkọ̀ yìí nìyẹn. Bí owó bá há tó sì di dandan kó jẹ́ méjì, ẹ wá irú èyí tó wà níwájú gan-an, kì í ṣe èyí tó jọ ọ́.

Ìwọ̀n tí Honda fi sí i ni 215/45R17 níwájú, 245/40R17 lẹ́yìn: nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà, ìkejì ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìdá ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, 17 sì ni ínǹṣì wíìlì. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, gíga ti iwájú jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 625, ti ẹ̀yìn 628, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí bíréèkì há táyà) àti VSA sì ń retí pé kó rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fẹ̀ sí i, 225/45 níwájú àti 255/40 lẹ́yìn máa fún yín ní 634 àti 636, wọ́n ṣì bára mu. Kódà S2000 CR ti 2008, ẹ̀yà tí Honda ṣe fún pápá eré, gbé 255/40R17 lẹ́yìn láì yí 215/45 iwájú padà, ẹ̀yìn tó fẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rárá, àfi bí wọ́n bá ti rẹ ọkọ̀ náà sílẹ̀ tí táyà wá ń ha ara fẹ́ńdà. Òdìkejì rẹ̀ ni kí ẹ sá fún: kí ẹ fẹ iwájú, kí ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀. Àwọn tó ń fi ìwọ̀n kan náà sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí pápá eré ti kọ́kọ́ tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọn tò ná.

Nọ́ńbà ẹrù, ẹ má jẹ́ kó dín sí 87 níwájú àti 91 lẹ́yìn. 87 túmọ̀ sí kílò 545 lórí táyà kan, 91 sì jẹ́ 615. Lẹ́tà W gba kìlómítà 270 ní wákàtí kan, Y gba 300, èyíkéyìí dára.

Irú wo wá ni? Fún ojú títì àti òjò, ipele tí Michelin Pilot Sport 4 àti Continental ExtremeContact Sport 02 wà ni mo fara mọ́. Bridgestone RE-71RS, Yokohama AD09 àti Hankook RS4 ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ jù wọ́n lọ, àmọ́ eyín wọn kò jìn, omi tó bá dúró lójú títì kì í rí ibi gbà jáde dáadáa, wọ́n ń pariwo, bí wọ́n bá sì gbóná tí wọ́n tutù lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á gan kí eyín wọn tó tán. Pápá eré ni kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún. Gbogbo wọn pátá ni kò fẹ́ òtútù: bí ojú ọjọ́ bá ti wà lábẹ́ 7°C, rọ́bà wọn á le, ẹ rọra wà á títí yóò fi móoru. Kí ọkàn yín tó fà sí ọ̀kan, ẹ rí i dájú pé ìwọ̀n méjèèjì wà lọ́jà. Ó wọ́pọ̀ kí 245/40 wà nílẹ̀, kí 215/45 irú kan náà má sí, ibẹ̀ ni ẹni tó ń tajà ti máa ń ní kí ẹ pa irú méjì pọ̀.

Nọ́ńbà treadwear ara táyà, tó ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó jẹ tán, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló fún un. 300 ti ẹni yìí kì í ṣe 300 ti ẹni yẹn. Lẹ́tà AA tó wà lára táyà fún dídi ilẹ̀ mú náà, bíréèkì lórí ilẹ̀ tútù ní ọ̀nà títọ́ ló ń wọ̀n, kò sọ nǹkan kan nípa kọ́nà.

Ẹ jẹ́ ká padà sí apá inú tó pá. Wọ́n á ní camber ni, ìyẹn bí orí táyà ṣe tẹ̀ sínú. Òótọ́ ni pé láti ilé iṣẹ́ ni táyà ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí ti tẹ̀ sínú díẹ̀, àmọ́ toe ló ń pa táyà: bí imú táyà kò bá kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ, ṣe ló ń fi ara họ ilẹ̀ ní gbogbo máìlì. Bóòtì tí wọ́n fi ń yí i wà lẹ́yìn níbẹ̀, ó sì máa ń dípẹtà mọ́ inú búùṣì (rọ́bà onírin tí bóòtì náà gba inú rẹ̀ kọjá), pàápàá bí ọkọ̀ bá ti gbé ìpínlẹ̀ oníyìnyín rí. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, bí wọ́n bá ti rí i pé kò yí, iwájú nìkan ni wọ́n á tò, wọ́n á sì gbowó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ fín òróró tó ń tú ìpẹtà sí i fún ọjọ́ méjì mẹ́ta ṣáájú, kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ dán an wò pé ó ń yí. Bó bá kọ̀, ẹ má jẹ́ kó fi agbára já a. Wọ́n lè ní láti gé e kí wọ́n pààrọ̀ búùṣì. Táyà tuntun wọlé, alignment, ìyẹn títo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kí táyà lè kọjú síbi tó yẹ, tẹ̀ lé e lọ́sẹ̀ kan náà, kí ẹ sì gba ìwé ìwọ̀n ti ṣáájú àti ti ẹ̀yìn rẹ̀.

Kí wọ́n tó gbé táyà sórí wíìlì, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn DOT, àmì tí wọ́n tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2325 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2025. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló máa ń wà nígbà míì, bí ẹ̀gbẹ́ yẹn bá sì ti wọnú, kò sẹ́ni tó máa rí i mọ́. Èyí tó bá ti ju ọdún mẹ́ta lọ, ẹ dá a padà. Ibi tí wọ́n kọ OUTSIDE sí gbọ́dọ̀ kọjú síta ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nọ́ọ̀tì Honda tó ń di wíìlì mú ní ìdí roboto bíi bọ́ọ̀lù. Ti wíìlì tí kì í ṣe ti Honda, tí wọ́n ń rà lọ́jà, sábà máa ń ṣóńṣó. Ẹ má pa wọ́n pọ̀, torí pé ṣóńṣó nínú ihò roboto kò jókòó dáadáa, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa tú. Ẹ fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ wọn, ẹ fún un dé 108 Nm, kí ẹ tún wò ó lẹ́yìn máìlì 50 sí 100. Afẹ́fẹ́ jẹ́ 32 psi ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, láàárọ̀ kí ọkọ̀ tó rìn rárá. Bí ojú ọjọ́ bá fi 10°F tutù sí i, psi kan á lọ. Máìlì 500 àkọ́kọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́ ní kọ́nà: nǹkan yíyọ̀ tí wọ́n fi yọ táyà kúrò nínú àpótí ìrọ rẹ̀ ṣì wà lójú rọ́bà, eyín tó ga náà ṣì ń mì.