Ṣé CBT (cognitive behavioural therapy, ìtọ́jú tó ń tún èrò àti ìṣe ẹni ṣe) lè ran ọmọ tí ẹ̀rù ìdánwò ò jẹ́ kó sùn lọ́wọ́?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè ràn án lọ́wọ́. CBT kì í ṣe oògùn. Ọ̀rọ̀ sísọ àti iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Aaron Beck, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ló gbé e kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ọmọ tó ń rò pé "mi ò lè yege láéláé" á máa sá fún ìwé, ẹ̀rù á sì túbọ̀ pọ̀. Olùtọ́jú á ní kó kọ èrò náà sílẹ̀, kó yẹ ẹ̀rí rẹ̀ wò, kó sì máa dojú kọ ohun tó ń sá fún díẹ̀díẹ̀. Ìpàdé bíi 6 sí 20 ló sábà máa ń gbà. Ó wúlò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìróorunsùn náà. Bí ẹ bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn LAUTECH (àdúrà ò ní kẹ́ ẹ má lọ o). Bí ọmọ náà bá ní òun fẹ́ pa ara òun, ẹ gbé e lọ lónìí.