Kí ni ìtumọ̀ Palermo, ta ló sì sọ ìlú náà bẹ́ẹ̀?

Ìbéèrè: Mo gbọ́ pé "èbúté látòkè délẹ̀" ni ìtumọ̀ Palermo, olú ìlú erékùṣù Sísílì. Ṣé àwọn Lárúbáwá tó jọba níbẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, àbí àwọn onílùú fúnra wọn?

Ìdáhùn: Kì í ṣe Lárúbáwá, kì í sì í ṣe àwọn tó tẹ ìlú náà dó. Àwọn Fòníṣíà, oníṣòwò orí omi láti etíkun Lẹ́bánónì òde òní, ló tẹ̀ ẹ́ dó, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ ṣáájú ìbí Jésù. Ọ̀rọ̀ kan wà lára owó fàdákà wọn, Ziz, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé orúkọ ìlú ni, tí wọ́n sì túmọ̀ sí òdòdó. Àwọn Gíríìkì tó ń bá wọn ṣòwò ló ń pe ibẹ̀ ní Panormos: pan ni "gbogbo", hormos ni ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Orúkọ tí àlejò ń pe ìlú ló wá borí ti onílé. Àwọn ará Róòmù tó gbà á ní 254 ṣáájú ìbí Jésù kò yí i padà. Nígbà tí Lárúbáwá gbà á ní 831, èdè wọn kò ní ìró p, ni wọ́n bá sọ ọ́ di Balarm. Ibẹ̀ la ti rí l tó wà nínú Palermo lónìí.

Ẹni tó bá wo èbúté òní lè ní àsọdùn ni. Kì í ṣe àsọdùn. Odò kékeré méjì, Kemonia àti Papireto, ló gba ọ̀tún àti òsì ìlú àtijọ́, òkun sì ń wọ ẹnu wọn lọ jìnnà, tí ọkọ̀ fi ń gúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ẹrẹ̀ tí odò ń wọ́ bọ̀ ló dí i díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù ni Cala, ìyawọ̀ òkun kékeré tí àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ń so sí.

Ibi tí Lárúbáwá ti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ gan-an ni àdúgbò àti oko. Kalsa jẹ́ al-Khalisa, àdúgbò ìjọba tí wọ́n kọ́ ní 937. Cassaro jẹ́ al-qasr, ààfin olódi. Ibn Hawqal, arìnrìn-àjò tó dé ibẹ̀ ní 973, kọ ọ́ pé mọ́sálásí ibẹ̀ lé ní 300, ó sì bú àwọn ará ìlú pé àlùbọ́sà tútù tí wọ́n ń jẹ ló ba ọpọlọ wọn jẹ́. (Àlùbọ́sà tiwa náà, ọ̀rọ̀ Lárúbáwá ni, ọwọ́ Haúsá la ti gbà á.)

Nínú oko ọsàn, ọ̀rọ̀ nípa omi ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n fi sílẹ̀. Gebbia ni ibi ìgbómipamọ́ tí wọ́n fi òkúta mọ, saia ni ojú ọ̀nà omi, senia ni kẹ̀kẹ́ tí ìbaaka ń yí láti fa omi kànga. Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí: omi tín-ín-rín ni kànga máa ń mú wá, bí wọ́n bá sì dà á sílẹ̀ tààrà, ilẹ̀ á ti mu ún tán kó tó dé ìdí igi tó jìnnà. Nítorí náà wọ́n á jẹ́ kí gebbia kún, wọ́n á wá ṣí i lẹ́ẹ̀kan, kí omi lè fi agbára gba inú saia dé kòtò róbótó tó wà nídìí igi kọ̀ọ̀kan. Ẹfun àti àpáàdì lílọ̀ ni wọ́n fi ń rẹ́ inú gebbia. Bó bá sán, ilẹ̀ á ti fa omi náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Saia tó dà gẹ̀rẹ́ jù, omi á jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Èyí tó tẹ́ jù, ẹrẹ̀ á dí i.

Àwọn Norman, jagunjagun Kristẹni láti àríwá Faransé, gba ìlú ní 1072, ṣùgbọ́n wọn ò lé akọ̀wé Lárúbáwá kúrò ní ààfin. Ẹ̀rí kan wà ní ààfin Zisa (al-Aziz ni orúkọ yẹn náà): òkúta ibojì Anna, ìyá àlùfáà Grisandus. Ìkọ̀wé mẹ́rin ló wà lára rẹ̀: Látìnì, Gíríìkì, Lárúbáwá, àti Lárúbáwá tí wọ́n fi lẹ́tà Hébérù kọ. Ọdún tí obìnrin náà kú jẹ́ 1148 nínú Látìnì, ó jẹ́ 543 nínú Lárúbáwá, nítorí Híjírà ni ìyẹn fi ń kà á.

Àwọn Faransé tó wá jọba lẹ́yìn náà ò fara mọ́ ará ìlú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìlú dìde sí wọn ní 1282, ìtàn ìlú sọ pé wọ́n á ní kí ẹni tí wọ́n bá fura sí pe cìciri, irú ẹ̀wà kan. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá kọ̀ ọ́, bíi àlejò tí kò lè pe gbẹ̀gìrì, ó ti kú.

Lẹ́yìn wọn, àwọn tó jọba níbẹ̀ ni Aragon àti Sípéènì, ìdílé ọba Savoy ní 1713, Austria ní 1720, ìdílé ọba Bourbon ní 1734, kí Garibaldi, ọ̀gágun tó jà kí Ítálì lè di ọ̀kan, tó wọlé ní 1860. Àwọn alákòóso wọ̀nyí sọ òpópónà pàtàkì ìlú lórúkọ bó ṣe wù wọ́n: àwọn ará Sípéènì tún un ṣe ní 1567, wọ́n ní Toledo ni, lẹ́yìn tí Ítálì di ọ̀kan, pátákó rẹ̀ di Vittorio Emanuele, orúkọ ọba Ítálì àkọ́kọ́. Bí ẹ bá bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ará Palermo lónìí, Cassaro ni yóò pè é.